Ọjọ́ Tí A Kó Ọjà Ọlọ́jà Kún Ìsọ̀ Mi

Ara mi ti kú kí ọmọ mi tó gba ìwé ìgbaniwọlé sí ilé-ìwé nọ́ọ̀sì l'Óǹdó. Mi ò sọ pé mo ṣàìsàn o. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń tajà, mo sì ń bú àwọn tó bá ń ná ọjà bíi pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n látìgbà tí a ti gbé bàbá rẹ̀ lọ sin sí Ìpógun, ìlú rẹ̀, kò sí nǹkan kan tó ń dé inú mi mọ́. Ó dà bí ẹni tó fi ọwọ́ tó kú tipiri mú nǹkan: o rí i pé ó wà lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n o ò mọ̀ bóyá ó gbóná tàbí ó tutù. Ẹ̀rín nìkan ni kò fi mí sílẹ̀. Níbi ìsìnkú gan-an, ẹni tó ń ṣe wáàsí ṣi orúkọ òkú pè, ó pè é ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó wà láàyè, tó sì jókòó síwájú rẹ̀ gbagada. Ojú tí àbúrò yẹn fi wò ó, n kò lè gbàgbé. Èjìká mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn obìnrin rò pé ẹkún ni, wọ́n bá dì mí mú.

Ike ni mò ń tà l'Ọ́jà Ọba, Àkúrẹ́: garawa, abọ́, kúlà, àga ike, agbọ̀n tí wọ́n ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí, póò ọmọdé. Àlájà ni wọ́n ń pè mí nínú ọjà, torí pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mo sì máa ń fi ìborùn borí. Mi ò dé Mẹ́kà rí. Ibi tí mo dé tó jìnnà jù ni Ìbàdàn, níbi tí ọkùnrin tó ń kó ike fún mi láwìn ń gbé, kò sì sí ẹni tó ń jẹ Àlájà torí pé ó lọ sí Ìbàdàn. Ní ti ìwé, mo kà á dé ibi tí mo ti lè kọ orúkọ mi àti iye ọjà. Ìyá mi ní èyí tó kù, ọjà á kọ́ mi.

Nígbà tí ọkọ mi fi ń ṣàìsàn, ìsọ̀ mi ló ń jẹ. Lónìí a ta kúlà, kúlà á di oògùn. Lọ́la a ta àga, àga á di owó ọkọ̀ lọ sọ́sibítù. Títí ó fi kú, ó ti jẹ ìsọ̀ náà dé ògiri. N kò rò pé ẹnì kan tún wà láyé tó jẹ ike tó yẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kò mọ̀, torí pé nínú ọjà tiwa, a kì í jẹ́ kí ẹni tí a fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí ìsọ̀ òfìfo. Bí a bá ti gbọ́ pé ọkùnrin Ìbàdàn ń bọ̀, àwọn aládùúgbò á kó lára ọjà tiwọn wá, wọ́n á tò ó sí ìsọ̀ mi. Tó bá lọ tán, wọ́n á kó o padà. Bó bá kan tiwọn, èmi náà á ṣe é fún wọn. Kò sí ẹni tó ń pè é ní irọ́. Ẹni tó ń kó ọjà láwìn, ìsọ̀ tó kún ló máa ń já ọjà sí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé ẹni yìí mọ òwò í ṣe. Bó bá rí ìsọ̀ òfìfo, á ní ọkọ̀ òun ò dúró. Díẹ̀ tó bá já sílẹ̀ fún mi, màá tà á, màá fún un lówó rẹ̀, èrè rẹ̀ ni èmi àti ọmọ fi ń jẹ.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí ọmọ mi dé ìsọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó na fóònù sí mi, ó ní òun ti wọlé. Mo ní kú oríire. Ó ní owó ilé-ìwé ńkọ́. Mo wo ìsọ̀, mo wo òun náà, mo wá rẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí mọ ẹ̀rín mi. Ó fa àpótí kan, ó jókòó.

"Màámi, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Mo ti wò ó lórí fóònù."

"Ọ̀nà mẹ́ta. Èmi rò pé ọ̀nà kan ni, kí n sanwó."

"Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ ná. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún àwọn tó mọ̀wé jù."

"O ò mọ̀wé ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. N kò mọ̀ ọ́n jù."

"Ó dáa. Èkejì?"

"Ìjọba ń yá ọmọ ilé-ìwé lówó. Téèyàn bá jáde, tó rí iṣẹ́, á máa san án padà díẹ̀díẹ̀."

"Tí kò bá rí iṣẹ́?"

"Ẹ má tíì da ara yín láàmú. Ilé-ìwé tiwa kò sí lára àwọn tí wọ́n ń yá lówó. Ẹ̀kẹta ló kù. Àwọn àgbàlagbà kan wà l'Óǹdó, àwọn tó ti fẹ̀yìntì. Wọ́n máa ń dáwó jọ lọ́dọọdún, wọ́n á fi san owó ilé-ìwé fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní."

"Kí ni wọ́n máa gbà padà?"

"Wọn ò gba nǹkan kan."

"Irọ́ ni."

"Màámi, wọn ò gba nǹkan kan. Ẹni tí kò ní ni wọ́n ń fún."

Mo rẹ́rìn-ín títí obìnrin Àkúrẹ́ tó ń ta ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi bojú wò wá. Ẹni tí kò ní ni wọ́n ń fún. Mo ti ń tajà láti ìgbà tí mo ti ń gbé igbá dé orí, n kò rí irú èyí rí. Mo rò pé ọmọdé ni, pé kò gbọ́ ọ yé. Mo gbà nínú ara mi pé àwọn wọ̀nyẹn ń wá ẹni tó ṣeé fọkàn tán ni, bíi gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n pé wọ́n fi aṣọ àánú bò ó.

A jókòó, ó ń ka fọ́ọ̀mù náà lórí fóònù, mò ń dáhùn. Ó ní wọ́n béèrè bóyá òbí lè san owó náà. Mo ní kó kọ ọ́ pé bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ó ní wọn ò fi àyè Ọlọ́run sílẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá ni wọ́n ní ká mú. Ó mú rárá. Mo ní ṣé kò ní dà bí ẹni pé a ń bú ara wa lójú àlejò. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ fún òun. Mo fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ilé-ìwé pè é pé kó wá fún àyẹ̀wò ara, ó sì lọ sí Óǹdó, ó sùn sọ́dọ̀ ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí obìnrin kan fi ohùn pẹ̀lẹ́ pè mí, ó ní àwọn ni ẹgbẹ́ tí ọmọ mi kọ̀wé sí, àwọn fẹ́ wá kí mi lọ́jà lọ́la. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀. N kò pe ọmọ. Kí ni mo fẹ́ pè é sí? Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ wá ni.

Mo sọ fún obìnrin Àkúrẹ́ pé àlejò ń bọ̀. Ó dìde lójú ẹsẹ̀. Òun àti àwọn méjì mìíràn kó garawa, wọ́n kó kúlà, wọ́n to abọ́ bíi ilé alájà. Wọ́n kó àga ike tuntun wá tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Nígbà tí a ṣe tán, ó fà sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. Ará Àkúrẹ́ ni, ìsọ̀ gan-an ló ń pè ní ulé.

"Àlájà, bí wọ́n bá dé ulé yìí, wọ́n á ní kẹ́ ẹ yá àwọn lówó."

"Màá ní kí wọ́n mú onídùúró wá."

Nígbà tí wọ́n dé, kẹ̀kẹ́ ló gbé wọn wá: ìyá àgbà kan tó wọ awò ojú, tó ti ṣe olùkọ́ rí, ìrìn rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, àti ọkùnrin kan tó mú bíírò lọ́wọ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo na àga tuntun sí wọn. Mo rán ọmọ kan kó lọ ra mọ́ọ̀tì tútù wá.

"Ẹ kú ọjà, màmá," ni ìyá náà wí.

"Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà."

"Báwo ni ọjà?"

"Ọjà ń lọ, a dúpẹ́."

Kí ni kí n sọ? Ẹni tó bá sọ láàárín ọjà pé ọjà ò lọ, kó tó pa ẹnu dé, wọ́n ti gbọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà ààfin.

Ìyá náà wòkè títí dé àjà. "Ṣé tiyín ni gbogbo èyí?"

"Ta ni ká tún sọ pé ó ni ín, màmá?"

"Lẹ́yìn tí bàbá ọmọ lọ, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

"Ọlọ́run ń bẹ."

"Bí a ò bá rí i ṣe ńkọ́, ṣé ẹ lè san owó ilé-ìwé ọmọ yìí?"

Mo jókòó dáadáa. Mo mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. "Màmá, ọmọ mi ni. Bí n kò bá san án, ta ni yóò san án?"

Ọkùnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀. Inú mi ò dùn, kò sì bàjẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo dáhùn dáadáa. Ìyá náà kò mu mọ́ọ̀tì, ó kàn mú un lọ́wọ́. Nígbà tó dìde, ó fi ọwọ́ kan kúlà tó wà lókè. "Ẹ ṣiṣẹ́ gan-an ni, màmá. Obìnrin tó dá dúró bí ẹ ṣe dúró yìí wú mi lórí."

Wọ́n lọ. Obìnrin Àkúrẹ́ ní ó dà bíi pé wọ́n gbà. Mo ní wọ́n gbà. Kí wọ́n tó pe ìrun aláàsárì, àwọn ọlọ́jà ti kó ọjà wọn lọ, ìsọ̀ mi sì ti padà sí bó ṣe wà.

Ọmọ mi dé ní ọjọ́ kejì. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un bí ẹni ro ìtàn, mo tiẹ̀ fi ọwọ́ ṣe bí ìyá náà ṣe ń wòkè. Ó gbọ́ ọ dé ibi àga tuntun, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Màámi, ẹ ní kí ni fún wọn?"

"Mo ní ọmọ mi ni."

 Lọ́jọ́ kẹta ni iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ náà rán dé sórí fóònù rẹ̀. Ó kà á fún mi ní Yorùbá, ó rọra kà á: wọ́n dúpẹ́, wọ́n yìn mí, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ yìí rí jájẹ, àwọn tí kò rí rárá ni owó náà wà fún.

Mo rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tán.

"Mo ti sọ fún yín. Ẹni tí kò ní ni wọ́n ń fún."

"O sọ ọ́."

"Ẹ ò gbà á gbọ́."

"Ta ló máa gbà á gbọ́?"

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́. Abọ́ tó ti mọ́ ló ń fọ̀. Kò sunkún, kò bú mi, ì bá sì dáa kó bú mi. Mo jókòó, mò ń retí kí nǹkan náà dùn mí. Mo mọ ibi tó yẹ kó ti máa dùn mí. Kò dùn. Mo kàn rí ọmọ mi láti ẹ̀yìn, bí apá rẹ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nínú omi, mo sì mọ̀ pé bí ilé-ìwé bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn torí owó, inú ìsọ̀ yìí ló máa wá jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwa méjèèjì á máa wo garawa mẹ́rin. Mo ní kó lọ mú aṣọ rẹ̀, pé à ń lọ sí Óǹdó lọ́la.

A wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀. Wọ́n sá kòkó sí etí títì lójú ọ̀nà, òórùn rẹ̀ ń wọ inú ọkọ̀, dírẹ́bà ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lórí fóònù. Ọmọ mi ń kọ́ mi ní ohun tí n óò sọ.

"Ẹ kàn sọ òtítọ́, Màámi. Ẹ má fi àwàdà kún un."

"Àwàdà wo?"

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Ọmọ ti pè wọ́n ṣáájú; ilé ìyá olùkọ́ náà ni wọ́n ti gbà wá. Ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin oníbíírò, òun náà dé. Mo sọ fún wọn pé ìsọ̀ mi ṣófo, pé ọjà ọlọ́jà ni wọ́n rí. Ìyá náà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ pa irọ́ fún wa nìyẹn, màmá."

"Rárá o. Ẹ bi mí pé ṣé tèmi ni, èmi náà bi yín pé ta ni ká tún sọ pé ó ni ín. Ẹ̀yin lẹ ò dáhùn."

Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. Ọmọ mi já mi ní èékánná. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Lọ́jọ́ yẹn ìsọ̀ kún. Lónìí ẹ ní ó ṣófo. Bí a bá tún wá lọ́la, tá a bá òfìfo níbẹ̀, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ẹ ò kó ọjà yín pamọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló mọ òwò yín, tí kì í ṣe aládùúgbò yín?"



"Ta ló ń kó ọjà fún yín?" Ọkùnrin oníbíírò ló béèrè. Nínú gbogbo ìbéèrè wọn, òun nìkan ló mọ èyí tó yẹ kó béèrè.

Ọmọ mi dáhùn kí n tó lanu. Inú ọjà ló dàgbà sí, ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. "Ẹ má pè é, Màámi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Lọ sílé lọ ṣe kí ni?"

"Tí ọkùnrin yẹn bá gbọ́, kò ní já ọjà fún yín mọ́."

Ìyá náà wò wá, ó wo ọmọ, ó wo èmi. Ó ní kì í ṣe dandan. Mo ti ń tẹ fóònù. Mo ní kí ọmọ bá mi ṣí i kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ó ṣí i. 

"Àlájà mi," ni ọkùnrin Ìbàdàn wí, "ṣé ọjà ti tán ni?"

"Kò tán. Kò sí níbẹ̀ látilẹ̀."

"Ẹ ní kí ni?"

"Gbogbo èyí tẹ́ ẹ máa ń rí ní ìsọ̀ mi, ti aládùúgbò ni. Látìgbà àìsàn ọkọ mi ni ìsọ̀ ti ṣófo. Àwọn tó fẹ́ ran ọmọ mi lọ́wọ́ ló wà níbí. Ẹ bá mi sọ fún wọn bí òwò mi ṣe rí."

 A gbọ́ fèrè ọkọ̀ níbi tó wà, a gbọ́ ẹnì kan tó ń pe ẹlẹ́rù. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Obìnrin yìí kì í jẹ mí lówó. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ọjà tó ń gbà lọ́wọ́ mi, ọmọ kékeré lè rù ú. Mo rò pé torí ìsọ̀ rẹ̀ kún ni kò ṣe gba púpọ̀." Ó wá kọjú ọ̀rọ̀ sí mi: "Àlájà, a ó máa rí ara wa."

Bí oníṣòwò bá ní a ó máa rí ara wa, tí kò dá ọjọ́, kò tún sí nǹkan tí ẹ fẹ́ gbọ́. Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an ni," mo dá fóònù padà fún ọmọ. Ó gbé ojú sí ilẹ̀. Ìyá náà fi etí ìró rẹ̀ nu awò ojú, ó nù ún títí, ó ní àwọn á pè wá.

Wọ́n pè wá lóòótọ́. Wọ́n san owó náà fún ilé-ìwé fúnra wọn, àwa ò tiẹ̀ fojú kàn án. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nìyẹn: gbogbo wàhálà yìí lórí owó tó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ wá. Mo bá ọmọ gbé ẹrù rẹ̀ dé ẹnu géètì ilé tí wọ́n ń sùn. Ó ní kí ni màá wá máa tà báyìí. Mo ní màá rí nǹkan. Ó dì mọ́ mi, ó pẹ́ kó tó fi mí sílẹ̀. Mo dúró kó ṣe tán.

Àgbàdo síse ni mò ń tà báyìí, níwájú ìsọ̀ mi. Ìgbàrà-Òkè ni mo ti ń rà á láàárọ̀ kùtù, mo sì ń bá bọ́ọ̀sì àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ l'Ákùúrẹ́ padà wá, èmi àti àpò àgbàdo láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fi àtíkè kun ojú. Wọn kì í fẹ́ kí àpò mi kan aṣọ àwọn. Mo máa ń ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé tó bá di ọ̀sán wọ́n á wá a wá.

Ọkùnrin Ìbàdàn ṣì ń kó ike wá, àmọ́ kì í ṣe fún mi mọ́. Ó já ẹrù fún obìnrin Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ṣírò fún un tán, ó wá yà sọ́dọ̀ mi. Ó kí mi dáadáa. Ó béèrè ọmọ.

"Ó wà l'Óǹdó, ó ń kọ́ nọ́ọ̀sì."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó ṣe é parí."

"Àmín."

Ó mú àgbàdo méjì. Mo sọ iye rẹ̀ fún un, kò ná an, ó sanwó, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, ó sì jẹ ọ̀kan níbẹ̀. Ó ní ó rọ̀. Mo ní ti òní ni. Ó gun ọkọ̀ rẹ̀, mo wò ó títí ó fi yí igun ọ̀nà ààfin, mo sì bi obìnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ pé mélòó ni kí n mú fún un.